Ère Buddha wo ni kí n mú, ibo ni kí n sì gbé e sí?

Tíṣà kan ní Ẹ̀pẹ́ ló kọ̀wé sí mi. Mo gé e kúrú, mo sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò:

“Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ó ti lé lọ́dún méjì tí mo ti ń jókòó ṣàṣàrò láàárọ̀ kùtù kí àwọn ọmọ tó jí. Orí fóònù ni mo ti kọ́ ọ. Ó wá ń wù mí kí n ní ère Buddha kan níbi tí mo ń jókòó sí. Mo rí orí Buddha ńlá kan aláwọ̀ góòlù ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹ̀ṣọ́ ilé ní Lẹ́kí. Mo tún rí èyí tó sanra tó ń rẹ́rìn-ín, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ọjà Ṣáínà. Ọ̀rẹ́ mi kan tó wà ní Thailand sì ń bọ̀ wálé lóṣù Kejìlá, ó ní òun lè bá mi mú ti idẹ wá. Èwo ni kí n mú nínú wọn? Ibo ni kí n gbé e sí? Kí ni n ó máa ṣe fún un? Mùsùlùmí ni ọkọ mi, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ la sì ń gbé. N kò fẹ́ kí wọ́n sọ pé mo ti ń bọ̀rìṣà.”

Àǹtí Tíṣà, ẹ kú ìfaradà. Ẹni tó lè jókòó jẹ́ẹ́ láàárọ̀ nígbà tí omi ìwẹ̀ àwọn ọmọ ṣì wà lórí iná ti ṣe èyí tó le jù níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ère kò le tó ìyẹn. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ra aṣọ ní ọjà Pratunam ní Bangkok kí n tó padà wálé sí Ẹ̀pẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn mọ́ńkì jókòó, ìyẹn àwọn ọkùnrin tó fi ayé sílẹ̀ nítorí ẹ̀kọ́ Buddha, láti ìgbà náà sì ni àwọn èèyàn ti ń gbé ère wá bá mi pé kí n bá àwọn wò ó.

Ti ẹni tó sanra yẹn kò gbà wá lákòókò. Kì í ṣe Buddha tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Mọ́ńkì kan ní Ṣáínà ni, Budai ni wọ́n ń pè é, ó ti tó nǹkan bí 1,100 ọdún sẹ́yìn tó gbé ayé. Àpò aṣọ ló máa ń gbé kọ́ èjìká kiri, ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ gan-an nìyẹn. Wọ́n gbà pé Maitreya ni, ìyẹn Buddha tí wọ́n ṣì ń retí, tó gbé àwọ̀ tálákà wọ̀ wá sáyé. Èèyàn dáadáa ni, àwọn ọmọdé sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n Buddha tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ rẹ̀, Siddhartha Gautama tí wọ́n bí ní Lumbini, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Nepal lónìí, tó sì là lójú, ìyẹn ni pé òtítọ́ yé e, lábẹ́ igi ní Bodh Gaya ní Íńdíà, ẹlòmíràn pátápátá nìyẹn. Tí ẹ bá ra Budai, kò burú, kí ẹ ṣáà mọ ẹni tí ẹ rà. Ẹni tó bá sì ní kí ẹ máa fọwọ́ pa á níkùn kí owó lè wọlé, ọjà ló ń tà fún yín.

Orí ńlá ti Lẹ́kí yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ fi sílẹ̀. Mo mọ ìdí tó fi wọ̀ yín lójú. Àwa náà fẹ́ràn orí, kò sí ọmọ Yorùbá tó máa dúró níwájú orí idẹ Ifẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ kò ní pa mọ́. Ṣùgbọ́n orí ni àwọn tó rọ orí Ifẹ̀ fẹ́ rọ, orí náà ni wọ́n sì rọ. Orí Buddha tó wà lórí tábìlì àwọn olówó, ọrùn ère tó pé ni àṣà rẹ̀ ti wá. Mo ti dé Ayutthaya, olú ìlú àtijọ́ tí àwọn ọmọ ogun Burma fọ́ ní 1767. Ère jókòó síbẹ̀ ní ìlà lẹ́bàá ògiri, ọwọ́ lórí itan, ọrùn lásán. Ogun ba òmíràn jẹ́ nínú wọn, òmíràn sì wà tó jẹ́ pé olè ló gé e lórí lọ tà fún àwọn tó ń kó nǹkan àtijọ́ jọ. Ti ṣọ́ọ̀bù Lẹ́kí, inú mọ́ọ̀dù ni wọ́n ti yọ ọ́, kò sẹ́ni tó jí i, n kò sì ní sọ pé ẹ ṣẹ̀ bí ẹ bá rà á. Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé orí nìkan kò lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ló ń sọ̀rọ̀ lára ère Buddha.

Ẹni tó bá ti rí ẹdan Ògbóni rí, tó rí bí ìkúùkù ṣe wà lórí ìkúùkù tí àtàǹpàkò sì fara pamọ́, kò nílò kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un pé ọwọ́ ère lè sọ̀rọ̀. Tí ọwọ́ méjèèjì bá wà lórí itan, ọ̀tún lórí òsì, tí àtẹ́lẹwọ́ wo òkè, àṣàrò ló ń ṣe, ohun tí ẹ̀yin náà ń ṣe láàárọ̀. Tí ó bá gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè tí àtẹ́lẹwọ́ kọjú sí yín, ó ń sọ pé ẹ má bẹ̀rù. Tí ọwọ́ méjèèjì bá wà níwájú àyà, tí ìka ká bí òrùka, ó ń kọ́ni, bó ṣe kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ márùn-ún àkọ́kọ́ nínú igbó àgbọ̀nrín ní Sarnath ní Íńdíà. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ní Thailand, tó sì wà lọ́kàn èmi náà jù, ni èyí tí ọwọ́ òsì sinmi lórí itan, tí ọ̀tún gba orí orúnkún sọ̀kalẹ̀, tí orí ìka rẹ̀ kan ilẹ̀.

Ìtàn rẹ̀ rèé. Wọ́n ní lálẹ́ ọjọ́ tó máa là lójú, Mara ẹlẹ́tàn kó ogun tì í, kò mì. Ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin tì í, kò mì. Mara wá ní, “Ta ni ẹlẹ́rìí rẹ pé ìwọ ló lẹ́tọ̀ọ́ sí ibi tí o jókòó sí yìí?” Kò pe èèyàn, kò pe ẹ̀mí kankan, ó na ọwọ́ kan ilẹ̀. Ilẹ̀ ló jẹ́rìí fún un. Ọjọ́ tí mọ́ńkì àgbà kan sọ ọ́ fún mi, pẹ̀lú gẹ̀ẹ́sì jákujàku tí àwa méjèèjì ń sọ, ẹ̀rín ni mo bú sí. Mo ní nílé wa náà, ilẹ̀ là ń pè ní ẹlẹ́rìí. Ilẹ̀ ògẹ́rẹ́ afọkọ́yẹrí. Mo fi ìka kan ilẹ̀ tẹ́ńpìlì níbẹ̀, mo fi kan ahọ́n, mo nà án sókè, bí bàbá tó bí bàbá mi ṣe máa ń ṣe tó bá ń búra. Ó wò mí títí. Ó ní, “Kí lo wá ń bi mí sí nígbà náà?”

Nítorí náà, tí ẹ bá bi mí, èyí tó fọwọ́ kan ilẹ̀ ni kí ẹ mú, ti idẹ, èyí tí ọ̀rẹ́ yín ní òun lè mú bọ̀. Kó má tóbi. Rúlà tí àwọn ọmọ kíláàsì yín ń lò jẹ́ 30 sẹ̀ǹtímítà, ère tó bá ga tó ìdajì rẹ̀ ti tó. Ère ńlá a máa gba yàrá mọ́ èèyàn lọ́wọ́, ìwọ̀nba ìjókòó tí ẹ fẹ́ jókòó á wá dà bí ìgbà tí ẹ lọ kí ọba.

Lẹ́yìn ọwọ́, ojú ló kù. Ibẹ̀ ni owó ti máa ń ṣòfò. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa dúró nínú ṣọ́ọ̀bù, ère wà ní ìsàlẹ̀, wọ́n á wò ó láti òkè, wọ́n á sanwó. Wọ́n á délé, wọ́n á jókòó sórí ẹní, wọ́n á wá rí i pé ojú ère kò wò wọ́n, òrùlé ló ń wò. Ẹni tó mọ iṣẹ́ máa ń ṣe ìpéǹpéjú Buddha ní ìlàjì, ojú á wo ìsàlẹ̀ díẹ̀, kí ó lè bá ojú ẹni tó jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀ pàdé. Torí náà, ẹ jókòó sílẹ̀ kí ẹ tó wò ó. Ẹnu ni èmi máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Tí etí ẹnu kan bá fi díẹ̀ ga ju èkejì lọ, ẹ̀rín ẹ̀sín nìyẹn, tó bá sì di oṣù mẹ́fà, ẹ̀sín yẹn nìkan lẹ óò máa rí. Etí tó gùn sílẹ̀ kì í ṣe àṣìṣe, yẹtí wúwo ló fà á nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọ ọba. Irun tó ká bí ìkarahun ìgbín wẹ́wẹ́ àti kókó tó wà láàárín orí, bó ṣe yẹ kí ó rí náà nìyẹn. Ẹ má fi ìyẹn yọ ara yín lẹ́nu.

Mo ní ti idẹ torí pé mo ti jìyà ti igi. Àkọ́kọ́ tí mo gbé wálé, igi kan tí n kò mọ orúkọ rẹ̀ ni, wọ́n kun ún ní pupa àti góòlù, ó lẹ́wà débi pé mo gbé e sórí itan mi látinú ọkọ̀ òfuurufú dé ilé. Mo gbé e sórí pẹpẹ tí mo kàn mọ́ ògiri tó kọjú sí ọ̀sà. Ọdún méjì, kò sí nǹkan kan. Nígbà ọyẹ́ ọdún kẹta, mo ní kí n gbé e kúrò kí n nu eruku ìdí rẹ̀, ó sì fúyẹ́ lọ́wọ́ mi bí páálí ìṣáná. Kí n tó mọ̀, àtàǹpàkò mi ti wọ inú ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Ìyẹ̀fun ló ń dà sílẹ̀, ikán funfun ń sá káàkiri ọwọ́ mi. Wọ́n ti jẹ gbogbo inú rẹ̀ tán, ojú nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀, ọ̀dà ló dì í mú. Ojú yẹn ṣì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Inú bí mi, mo tún rẹ́rìn-ín. Ní Thailand, wọn kì í sọ ère tó ti bàjẹ́ sí ààtàn, abẹ́ igi ńlá ni wọ́n máa ń gbé e lọ. Mo gbé tèmi sábẹ́ igi lẹ́yìn ilé, òjò sì parí èyí tí ikán jẹ kù. (Wọ́n máa ń sọ ìtàn mọ́ńkì kan ní Ṣáínà, Danxia, tó dáná yá nínú òtútù pẹ̀lú ère Buddha onígi. Nígbà tí wọ́n pariwo lé e lórí, ó ní egungun mímọ́ lòun ń wá nínú eérú rẹ̀. Wọ́n ní ibo ni egungun ti máa wà nínú igi? Ó ní, ó dáa, ẹ bá mi mú méjì mìíràn wá nígbà náà.)

Idẹ náà ní àìsàn tirẹ̀ nítòsí ọ̀sà: ó máa ń ṣú, á tún hu nǹkan bí ewé tútù sí kọ̀rọ̀ apá. Ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ̀ ọ́ bí ìyá yín àgbà ṣe máa ń fọ ẹ̀gbà idẹ. Aṣọ gbígbẹ tó rọ̀ ti tó, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ní abúlé Tada létí odò Ọya, ère bàbà kan wà níbẹ̀ nígbà kan rí tí wọ́n gbà pé iṣẹ́ ọwọ́ Ifẹ̀ ni, ọkùnrin tó jókòó tó ká ẹsẹ̀ kan sábẹ́. Láyé àtijọ́, Jímọ̀ọ̀ Jímọ̀ọ̀ ni àwọn ará abúlé máa ń gbé e lọ sódò, wọ́n á fi yanrìn òkúta ha á kí obìnrin lè bímọ, kí ẹja sì lè pọ̀. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ha á, ara rẹ̀ sì ti yọ̀ bí òkúta inú odò. Ti P.O.P. ńkọ́? Ọ̀rinrin ń wọ̀ ọ́, á máa bó. Ti ike tí wọ́n kùn ní góòlù kò burú fún ẹni tí owó kò tó lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ bi mí pé kí lẹ ó máa ṣe “fún un”. Kò sí. Kì í jẹ, kì í mu, kì í bínú bí ẹ bá rìnrìn àjò lọ fún oṣù kan. Ẹni 80 ọdún ni Gautama nígbà tó kú ní Kushinagar ní Íńdíà, kò sì sọ pé kí ẹnikẹ́ni máa bẹ òun fún ọmọ tàbí owó. Ní Japan àti Ṣáínà, àwọn kan wà tó ń ké pe Buddha mìíràn, Amitabha, pé kó gba àwọn là. Ọ̀nà tiwọn nìyẹn, n kò bá wọn jà. Ní ọ̀nà tí mo kọ́, olùkọ́ ni, ère rẹ̀ sì dà bí fọ́tò olùkọ́ tẹ́ ẹ gbé kọ́ ògiri. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi í pe ibẹ̀ ní ojúbọ. “Bọ” wà nínú ojúbọ. Ojú ìjókòó ni mo ń pè é. N kò sọ ìyẹn láti fi bú àwọn tó ń bọ. Àwọn náà mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, iṣẹ́ yẹn kọ́ lèyí.

Síbẹ̀, ọwọ́ máa ń fẹ́ ṣe nǹkan. Ẹ lè gbé ife omi mímọ́ kékeré kan síwájú rẹ̀ láàárọ̀, kí ẹ dà á sídìí òdòdó nírọ̀lẹ́. Ẹ lè fi òdòdó kan síbẹ̀. Igi olódòdó funfun yẹn tí àárín rẹ̀ pọ́n bí ẹyin, tó máa ń já sílẹ̀ nínú ọgbà àwọn ilé ìjọba àtijọ́, àwọn ará Sri Lanka ka òdòdó rẹ̀ sí òdòdó tẹ́ńpìlì. Ẹ má pààrọ̀ rẹ̀ kó tó rọ. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ bí wọ́n bá gbé òdòdó síbẹ̀ ni pé bí èyí ṣe ń rọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ara mi ń lọ. Ẹ jẹ́ kó rọ lójú yín. Tùràrí dára tí fèrèsé bá wà ní ṣíṣí. Àbẹ́là, rárá, ẹ lọ́mọ nílé, kọ́tìnì sì ń fẹ́; tọ́ọ̀ṣì kékeré ti tó.

Ní ti ìkúnlẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń forí balẹ̀: fún olùkọ́, fún ẹ̀kọ́, fún ẹgbẹ́ àwọn tó ń tọ ẹ̀kọ́ náà. Ìyẹn ló máa ń ba àwọn èèyàn wa lẹ́rù jù, ó sì ń yà mí lẹ́nu. Ṣé ẹ kì í kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ yín láàárọ̀ ni? Ẹ ti sọ wọ́n di Ọlọ́run nítorí ìyẹn? Òyìnbó tó ń ṣe ẹ̀kọ́ Buddha ni ìkúnlẹ̀ máa ń le fún. Orúnkún tiwa ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Tí kò bá wá láti inú yín, ẹ má ṣe é. Mọ́ńkì kan wà láyé Gautama fúnra rẹ̀, Vakkali lorúkọ rẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ àìsàn, ó ń káàánú pé ó pẹ́ tí òun ti fẹ́ wá wo ojú olùkọ́ òun. Gautama dá a lóhùn pé kí ló wà nínú kéèyàn máa wo ara tó ń jẹrà yìí, ẹni tó rí ẹ̀kọ́ ló rí òun.

Ibi tẹ́ ẹ ó gbé e sí: pẹpẹ tó ga tó ojú yín tẹ́ ẹ bá jókòó sílẹ̀, tàbí kó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Kì í gbé ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ má gbé e síbi tí ẹsẹ̀ yín máa kọjú sí tẹ́ ẹ bá sùn, ẹ má sì gbé e sára ògiri ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀ kò dára, kì í ṣe nítorí èèwọ̀, ojú yín ló máa fò ó láàárín ọjọ́ mẹ́ta bí ojú ṣe ń fo fáàsì. Ara yàrá tí ẹ ti ń jókòó náà ló yẹ ẹ́. Tí alángbá bá ń gun orí rẹ̀, ẹ jẹ́ kó gùn ún.

Ó wá ku ọkọ yín àti ìyá wọn. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í sẹ́yìn ni, torí òun ló wúwo jù nínú ìwé yín. Ẹ má ra ère kankan kí ẹ tó bá ọkọ yín sọ ọ́. Àwọn àlùfáà ń kọ́ni pé mọ̀láíkà kì í wọ ilé tí ère wà, kì í ṣe kékeré lójú ẹni tó gbà á gbọ́, ilé wọn náà sì ni. Èyí tó burú jù tẹ́ ẹ lè ṣe ni kí ẹ gbé e pamọ́ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Ohun tí wọ́n bá bá níbi ìpamọ́, òògùn ni wọ́n máa pè é, ta ni yóò sì dá wọn lẹ́bi?

Tí ọkọ yín bá ní rárá, ẹ gbà. Kò ní já nǹkan kan gbà lọ́wọ́ yín. Ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan lẹ́yìn ikú Gautama, kò sí ère rẹ̀ tó ní ojú èèyàn. Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń gbẹ́ sára òkúta, tàbí ipa ẹsẹ̀ méjì, tàbí àga tí ẹnikẹ́ni kò jókòó sí, tàbí igi. Ó tó bíi ọ̀rúndún kìíní lẹ́yìn ikú Kristi kí ère tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ní Gandhara àti Mathura, níbi tí à ń pè ní Pakistan àti Íńdíà lónìí. Igi tó jókòó sábẹ́ rẹ̀ sì bá igi ọ̀dàn wa tan, ìdílé kan náà ni wọ́n. Ewé ọ̀dàn kan nínú férémù, lára ògiri, ẹnikẹ́ni kò ní bá yín jà sí i. Ọdún kan gbáko ni èmi fi lo àga kékeré tó ṣófo lẹ́yìn tí ikán ṣe mí lọ́ṣẹ́. Mo jókòó dáadáa lọ́dún yẹn.

Tí wọ́n bá ní ó dáa, ẹ gbé e síbi tí ìyá wọn ti lè rí i kí wọ́n bi yín léèrè. Ìyá tó bí mi, Alhaja ni wọ́n, kò wọ yàrá mi fún oṣù kan gbáko nígbà tí mo gbé ti idẹ dé. Lọ́jọ́ kan wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, “Kí lèyí ń jókòó ṣe láti àárọ̀?” Mo ní ó ń sinmi ni. Wọ́n ní, “Ìwọ náà lọ sinmi.” Láti ọjọ́ náà títí wọ́n fi kú, Bàbá Ajókòó ni wọ́n ń pè é, wọ́n á sì ní kí n nu Bàbá Ajókòó, eruku ti bò ó.

Ẹ wá sọ èyí fún ọ̀rẹ́ yín. Ní Bangkok, wọn kì í sọ pé àwọn “ra” ère Buddha, wọ́n ní àwọn “yá” a ni, kó má yà á lẹ́nu. Oníṣọ́ọ̀bù lè bi í pé ọjọ́ wo ni wọ́n bí yín, torí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀ ló ní ìrísí tirẹ̀ níbẹ̀: ẹni tí wọ́n bí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ló ni èyí tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, Ọjọ́bọ̀ ló ni èyí tó ń ṣàṣàrò. Kó rẹ́rìn-ín, kó ní èyí tó fọwọ́ kan ilẹ̀ lòun fẹ́. Òfin wọn kò jẹ́ kéèyàn gbé ère Buddha jáde láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí iṣẹ́ ọnà, torí náà kó bá oníṣọ́ọ̀bù sọ ọ́ kó tó sanwó, kó má fi di ọjọ́ tó ń lọ sí pápákọ̀ òfuurufú. Kó fi aṣọ mímọ́ wé e, kó má kì í sáàárín bàtà. Ẹ má sì san owó fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun máa “ṣí ojú” rẹ̀ kó tó lè ṣiṣẹ́. Ní Sri Lanka, wọ́n ní ayẹyẹ fún un lóòótọ́, ayàwòrán á kẹ̀yìn sí ère, á máa wo dígí, á fi kun ẹyinjú. Èyí tẹ́ ẹ fẹ́ lò sílé kò nílò rẹ̀.

Kí ó tó mú un, kó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín, kó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ yà á, kì í ṣe láti òkè. Ẹ fi ránṣẹ́ sí èmi náà, n ó bá yín wo ẹnu rẹ̀. Tó bá wá dé ilé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi orúkọ tí ìyá ọkọ yín bá sọ ọ́.